Ẹyin Màmá Ìyábọ̀ àti Bọ́ọ̀dù Tó Ké Gbàjarè

Ìyá Onírédíò ni wọ́n ń pè mí ní Èrúwà. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí wà ńlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi béèrè mi ládùúgbò wa, wọn á ní àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi tún rédíò ṣe kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ tó ń jáde níléèwé máa ń wá bá mi pé, "Màmá, iṣẹ́ wo ni ká kọ́ báyìí?" Ẹ jẹ́ kí n fìdí kalẹ̀ sọ tèmi fún yín. Ṣùgbọ́n kí n tó lọ jìnnà, ẹ mọ ohun kan: fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nínú iṣẹ́ yìí, mo gbà pé ọwọ́ mi ló ba ọgọ́fà ẹyin jẹ́ fún obìnrin kan tó finú tán mi, tó sì tipa bẹ́ẹ̀ dá ọmọ rẹ̀ dúró nílé. Àìpẹ́ yìí ni nǹkan náà tó kúrò lọ́rùn mi. Ẹ máa bá mi bọ̀.

Igbó-Ọrà ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi ti bá aránṣọ kan sọ̀rọ̀ pé òun ló máa kọ́ mi níṣẹ́, wọ́n tilẹ̀ ti ra sísọ́ọ̀sì fún mi. Èmi ni mo figbe ta pé rédíò ni mo fẹ́. Kí ló fà á? Rédíò bàbá mi ló dákẹ́ lọ́jọ́ kan. Wọ́n gbé e lọ, ó ṣe díẹ̀ wọ́n gbé e dé, ó ti ń fọhùn. Mo ní háà, ẹni tó bá lè mú ohun tó ti dákẹ́ sọ̀rọ̀, irú ẹ̀ ni mo fẹ́ dà. Ni bàbá mi bá fà mí lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó tún un ṣe, Bàbá Ògúndélé, ẹni tí gbogbo àwa ọmọṣẹ́ ń pè ní Ọ̀gá. Ọ̀gá wò mí láti òkè délẹ̀.

"Obìnrin? Ṣé ó mọ̀ pé iná máa ń gbé èèyàn?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò tíì gbọ́ ẹnu ẹ̀ ni. Iná ló máa sá fún un."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ owó ìkọ́ṣẹ́ àti ti ìwé àdéhùn ò gba ìtàn, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Ọ̀gá le o! Oṣù mẹ́fà gbáko ni mi ò fọwọ́ kan irin tí a fi ń jó òjé. Iṣẹ́ mi ni kí n gbálẹ̀, kí n sì máa ṣa nọ́ọ̀tì sínú agolo mílíìkì, wẹ́wẹ́ sọ́tọ̀, ńlá sọ́tọ̀. Bí ẹyọ kan péré bá ṣìnà, yóò da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, yóò ní, "Tún un ṣà." Àìmọye ọjọ́ ni mo sunkún délé. Ìyá mi á ní, "Ẹ̀rọ aránṣọ ń dúró dè ọ́ o." Ẹkún mi á dá ní kíá.

Òfin kan wà tí Ọ̀gá ò bá ẹnikẹ́ni dúnàá dúrà lé lórí. Rédíò tí a bá tún ṣe tán gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lórí tábìlì fún ọjọ́ mẹ́ta kí olówó rẹ̀ tó gbé e lọ. Ọjọ́ mẹ́ta, kì í ṣe méjì àbọ̀. Àwọn èèyàn á máa bínú: "Bàbá Ògúndélé, ṣebí ó ti ń sọ̀rọ̀!" Ọ̀gá á ní, "Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán." Nígbà kan tí kò sí nílé, mo gbé rédíò kan fún ẹni tó ni ín lọ́jọ́ kejì, nítorí ó ń bẹ̀ mí. Nígbà tí Ọ̀gá dé tó bi mí, ẹsẹ̀ ló ní kí n fi rìn dé Ìdèrè lọ gbé e padà, kí n sì dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin bẹ ọkùnrin náà, níwọ̀n ìgbà tí mo ti ní iṣẹ́ ọkùnrin ni mo fẹ́ ṣe. Mo rìn ín lọ, mo rìn ín bọ̀. Inú omi tútù ni mo ki ẹsẹ̀ mi bọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọmọ ilé ọlọ́dẹ ni Ọ̀gá, ẹni Ògún sì ni. Lọ́dọọdún, tí ọjọ́ Ògún bá pé, gbogbo wa á fọ irin wa, páláyà, míítà, irin òjé, a ó tò wọ́n sórí ẹní, ẹnikẹ́ni ò sì ní fọwọ́ kàn wọ́n títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Kí a tó tò wọ́n, kálukú gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó bà jẹ́ lọ́dún náà, nítorí Ògún ò fẹ́ irọ́. Ọmọ ìjọ ni ìyá mi, ọ̀rọ̀ náà ò dùn mọ́ ọn nínú rárá. Ọ̀gá ní, "Màmá, mi ò ní kó bọ nǹkan kan. Irin ẹ̀ ni kó fọ̀, kó sì sọ òótọ́. Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì yín ò fẹ́ òótọ́ ni?" Bí ìyá mi ṣe gbà nìyẹn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jókòó síbi ẹní yẹn. Mo jẹ́wọ́ rédíò tí mo jó wáyà ẹ̀, mo jẹ́wọ́ èyí tí mo jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn tí mo bá jẹ́wọ́ tán, mo máa ń fúyẹ́.

Mo gba ìdáǹdè lọ́wọ́ Ọ̀gá, mo lọ́kọ, mo bí Dáre. Tísà ni ọkọ mi, wọ́n gbé e wá sí Èrúwà, èmi náà sì ṣí ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, nínú rédíò, ẹ lè fi ìka tọ́ka sí gbogbo nǹkan: èyí nìyí, tọ̀hún nìyẹn. Nígbà tó yá, kásẹ́ẹ̀tì dé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn nǹkan dúdú ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ bí aláàǹtakùn tí à ń jó mọ́ inú rédíò dé, tí ẹyọ kan ń ṣe iṣẹ́ ogún nǹkan, tó bá sì ti kú, ó kú nìyẹn, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ fi òmíràn sí i. Lẹ́yìn náà ni fídíò, tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ, fóònù. Gbogbo ẹ̀ ni mo kọ́. Ẹni tó bá ní òun ti mọ̀ tán nínú iṣẹ́ yìí, ebi ló máa pa á.

Ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ ká dé ibi tó ń dùn mí.

Obìnrin kan wà ní Lánlátẹ̀, opó ni, Màmá Ìyábọ̀. Ó jù mí lọ dáadáa. Ó ń gbin ẹ̀gẹ́, ó sì ń sin adìyẹ. Ó wá bá mi pé wọ́n ní àpótí kan wà tí a fi iná ṣe, tó ń pa ẹyin bí àgbébọ̀, ṣé mo lè ṣe é. Ọmọ rẹ̀ Ìyábọ̀ fẹ́ wọ ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ tísà, àwọn ọmọ adìyẹ yẹn ló fẹ́ fi rán an lọ. Orí mi wú. Èmi tí ń tún ti ẹlòmíràn ṣe, ẹnì kan ní kí n dá tèmi ṣe! Mo kan àpótí, mo fi gílóòbù mẹ́rin sí i. Ohun tó yẹ kó máa pa gílóòbù náà nígbà tí ooru bá ti tó ò sí lọ́jà, nítorí náà mo yọ ti áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ kan, mo fi dípò. Màmá Ìyábọ̀ ní ẹyin ti ń pé ọjọ́ nílé, kí n jọ̀ọ́. Mo tan àpótí náà ní àárọ̀, ó ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, mo sì gbé e fún un.

Ọjọ́ kan péré, kì í ṣe mẹ́ta.

Ní ọjọ́ kejìlá, obìnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó tú etí gèlè rẹ̀, ó mú ẹyin kan jáde, ó là á lórí tábìlì mi. Ẹyin náà ti jinná bí èyí tí wọ́n ń tà ní gáréèjì. "Gbogbo ẹ̀ ló rí báyìí," ló wí. Kò bú mi, kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi, ó yí padà, ó lọ. Ì bá bú mi! Ọdún kan gbáko ni Ìyábọ̀ fi jókòó sílé tó ń bó ẹ̀gẹ́, kó tó rí ilé-ìwé wọ̀.

Mi ò sọ fún ọkọ mi pé àyẹ̀wò ọjọ́ kan ni mo ṣe. Mi ò sọ fún Ọ̀gá. Nígbà tí ọjọ́ Ògún pé tó ránṣẹ́ pè mí, mo ní ara mi ò yá. Títí bàbá náà fi kú, mi ò jókòó síbi ẹní yẹn mọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, mi ò dá nǹkan kan kàn fún ẹnikẹ́ni mọ́. Bó bá bàjẹ́, gbé e wá, màá tún un ṣe. Àmọ́ kí n dá a sílẹ̀ fúnra mi? Ó tì o. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Bí ọjà Lánlátẹ̀ bá pé, mo máa ń ní kí wọ́n bá mi rajà bọ̀.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún nìyẹn. Fóònù jẹ rédíò run, ojú mi náà ò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó sílé. Àfi bí Ìyábọ̀ ṣe kànlẹ̀kùn mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Òun náà ti di ìyá ọlọ́mọ, tísà sáyẹ́ǹsì ni ní ilé-ìwé kan ní Èrúwà níbí. Nígbà tó sọ ọmọ ẹni tó jẹ́, mo fa àga fún un, mi ò lè wojú ẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi bí wọ́n ṣe ń lo nǹkan yìí," ló wí, ó sì gbé bọ́ọ̀dù kan, pátákó ẹ̀rọ pẹlẹbẹ, lé mi lọ́wọ́, tí kò tóbi ju páálí ìṣáná méjì lọ. "Mo mọ ìwé ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lọ́wọ́ òjé. Ẹ wá ká jọ kọ́ ọ."

Mo yí i síwá sẹ́yìn. "Kí ni iṣẹ́ ẹ̀ gan-an?"

"Kò níṣẹ́ kan pàtó. Ohun tí ẹ bá kọ fún un lórí kọ̀ǹpútà ló máa ṣe."

"Ó gbọ́ràn ju àwọn ọmọ mi lọ nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín, ni mo bá gbà. Nínú gbogbo ọmọ tó wà láyé, mi ò lè kọ̀ fún ọmọ yẹn!

Ó kó wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ jáde, àti pátákó funfun kan tó kún fún ihò, ó ń ki wáyà bọ inú ihò láìjó òjé kankan sí i. Inú bí mi. "Irú iṣẹ́ wo lèyí? Bí ewúrẹ́ bá fara nù ún ńkọ́?" Ó ní, "Màmá, a ṣì ń dán an wò ni. Tó bá ṣiṣẹ́ tán, ẹ wá fi òjé dè é." Mo rò ó wò, mo rí i pé ọgbọ́n ni. Àwa nígbà tiwa, bí a bá ti jó o mọ́ ibi tí kò yẹ, ká máa tú u ló kù. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé kí iná pupa bíńtín kan máa ṣẹ́jú. Ìlà bíi mẹ́wàá ni mo fi ìka kan tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ni kọ̀ǹpútà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà pupa bú mi. Mo tún un tẹ̀, ó tún bú mi. Mo gbá bọ́ọ̀dù náà létí bí a ti máa ń gbá rédíò. Ìyábọ̀ ní, "Màmá! Kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀." Àmì kan báyìí ni mo gbàgbé ní ìparí ìlà kan, kóńmà tí wọ́n gbé tóótó lé lórí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ burúkú, mo rántí agolo nọ́ọ̀tì, mo panu mọ́. Mo fi àmì náà síbẹ̀. Iná náà ṣẹ́jú. Ó tún ṣẹ́jú. Igbe tí mo ta ló gbé aládùúgbò mi wọlé.

"Kí ló dé, Ìyá Onírédíò?"

"Iná yìí ń ṣẹ́jú!"

"Ó ti bàjẹ́ ni?"

"Èmi ni mo ní kó ṣẹ́jú."

Ó wò mí, ó mirí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń bi mí léèrè iṣẹ́, ẹ gbọ́: ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Iná tó ń ṣẹ́jú ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ la ṣe agogo tó ń dún bí èèyàn bá wọlé, lẹ́yìn agogo la ra irin kékeré kan tó ń mọ bí ooru ṣe pọ̀ tó, tí bọ́ọ̀dù á fi nọ́ńbà rẹ̀ hàn lójú. Oṣù mẹ́rin nìyẹn gbà wá. Inú mi ń dùn, mo tún ń jí lówùúrọ̀ pẹ̀lú ohun tí mo fẹ́ ṣe.

Ni Ìyábọ̀ bá ní, "Màmá, màmá mi fẹ́ àpótí ẹyin."

Mo gbé bọ́ọ̀dù sílẹ̀. "Wá ẹlòmíràn."

"Àwọn fúnra wọn ló ní ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ṣe é."

Mi ò fojú kan oorun lóru ọjọ́ náà. Obìnrin yẹn tún fẹ́ fi ẹyin lé mi lọ́wọ́? Bí mo bá ba èyí náà jẹ́, ibo ni màá fojú sí? Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ̀, màá kú pẹ̀lú ẹ̀ ni. Mo ṣe é. Mo di ìyẹ̀fun pákó sáàárín ògiri àpótí náà kó má baà tètè tutù. Bí nọ́ńbà ooru bá dín sí mẹ́tàdínlógójì àbọ̀, bọ́ọ̀dù á tan gílóòbù. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, á pa á. Bó bá dé mọ́kàndínlógójì, á máa ké. Mo fún bọ́ọ̀dù náà ní bátìrì tirẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí iná bá lọ, ojú rẹ̀ ò ní kú. Ìgò omi ni mo kó sínú àpótí náà dípò ẹyin, mo sì fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣọ́ ọ. Ìyábọ̀ ní ó ti tó. Mo ní kó jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

A gbé e lọ sí Lánlátẹ̀. Màmá Ìyábọ̀ ti darúgbó, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ṣì mú. Ogójì ẹyin ló kó sí i. Mo ní, "Màmá, bí iná bá lọ, ẹ ṣáà fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Á gbóná fún wákàtí bíi mélòó kan." Ó ní òun ti gbọ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, fóònù mi dún lọ́sàn-án gangan.

"Ìyá Dáre, nǹkan ẹ ń ké o! Ó ń ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú!"

"Nọ́ńbà wo ló wà lójú ẹ̀, Màmá?"

"Mọ́kàndínlógójì ni... ó tún ti yí. Ogójì."

"Ẹ yọ wáyà ẹ̀ lára iná! Ẹ yọ ọ́ kíá!"

"Iná wo? Iná ò sí láti àárọ̀."

Bí iná ò bá sí, gílóòbù ò lè tàn. Kí ló wá ń se ẹyin?

"Màmá, kí ló wà nínú àpótí yẹn yàtọ̀ sẹ́yin?"

"Àtùpà mi náà ni. Ó wà nísàlẹ̀, lábẹ́ àwo ẹyin. Ṣé kí n jẹ́ kí òtútù pa wọ́n ni?"

"Ẹ gbé e jáde! Ẹ gbé e jáde, kẹ́ ẹ ṣílẹ̀kùn ẹ̀ sílẹ̀ gbayawu!"

Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ lórí fóònù, mo ń gbọ́ tí bọ́ọ̀dù ń ké. Nígbà tó yá, igbe náà dá. "Ó ti di méjìdínlógójì," ló wí.

Mo gun ọ̀kadà. Ojú ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lẹ́yìn ọlọ́kadà. Ẹni tó bá gbé àtùpà sí i lónìí, kí ló ṣe nígbà yẹn?

Nígbà tí mo débẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo ti fèrèsé, mo ń fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú wọn bí okùn aláàǹtakùn, nǹkan dúdú kékeré ń mira láàárín. Wọ́n yè! Kí n má fi yín sínú àníyàn mọ́, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló padà pa nínú ogójì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, bí mo ṣe ń kó wọn padà, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi tí mi ò fẹ́ sọ. Arúgbó ni. Ẹrù tó kúrò lọ́rùn tèmi, ṣé kí n wá gbé e lé òun lórí pé òun ló dá ọmọ òun dúró nílé lọ́dún kan? Mo ní lọ́kàn mi pé kí n fi í sílẹ̀. Mo ki tọ́ọ̀ṣì bọ àpò, mo ní kí n máa lọ.

"Jókòó," ló wí.

Mo jókòó.

"Ìyá Dáre, àtùpà méjì ni mo gbé sínú àpótí àkọ́kọ́ yẹn."

Mo fa àga mi sún mọ́ ọn.

"Iná lọ, mo gbé méjì sí i, mo lọ sóko. Nígbà tí mo máa fi dé, iná ti dé, gílóòbù ń tàn. Mo gbé àtùpà kúrò. Mi ò rò ó rí pé òun ni. Mo ní bóyá ẹyin ò dára ni." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Àṣé èmi ni."

"Màmá, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Ọjọ́ kan péré ni mo fi dán an wò. Ti áyọ́ọ̀nù ni mo fi sí i, mi ò sì sọ fún yín ohun tẹ́ ẹ máa ṣe tíná bá lọ." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè nìyẹn.

"Torí ẹ̀ lo ò ṣe wá sọ́jà wa mọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mo rò pé mo ṣẹ̀ ọ́ ni."

Òun ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, kí èmi tó bú sẹ́kún. Obìnrin náà dìde, ó wá gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

"Ọdún mélòó lo fi ru ẹyin mi kiri?"

"Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mà."

"Ó tó. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Mo sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.